Bí Wọ́n Ṣe Bá Àǹtí Jẹ́jẹ́ Roko Ọgbà Ẹ̀fọ́ Rẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lọ síbi kankan, ó tọ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé Àǹtí Jẹ́jẹ́ a máa fẹnu fẹ́ omi tútù kó tó mu ún. Mi ò sọ pé tíì o, mi ò sì sọ pé omi ọbẹ̀. Omi tútù ni, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì, tí ife rẹ̀ ṣì ń làágùn. A gbé e dé ẹnu, a sú ètè jọ, a fẹ́ ẹ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, a wá mu ún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní omi gbígbóná ti bó òun lẹ́nu rí ní kékeré, àti pé láti ìgbà náà òun ò tíì rí omi tó kọ ọ́ síwájú orí pé tútù lòun.

Ẹni tí kò fọkàn tán omi, ẹ mọ̀ pé kò ní bá èèyàn fa wàhálà. Tíṣà ni, ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan. Àwọn ọmọ náà ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí kò sóhun tó lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọ̀run tí kò ní fi "jẹ́jẹ́" dá a lóhùn. Bí ọmọ méjì bá ń lu ara wọn, jẹ́jẹ́. Bí òrùlé bá ń jò sórí tábìlì rẹ̀, jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ tí olè já báàgì rẹ̀ gbà ní ibùdókọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé kò pariwo olè rárá. Ohun tó ń sọ bó ṣe ń tọ olè náà lẹ́yìn ni pé, "Jẹ́jẹ́ o, gíláàsì ojú mi wà nínú ẹ̀."

Ọdún tó ti fi kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ju ọjọ́ orí àwọn tíṣà mìíràn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ oko kan ṣoṣo tó sì ti fọwọ́ kàn láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń la ebè, òun ló fi ń gbin àgbàdo, òun náà ló fi ń kó irè oko wọlé. Bí agogo bá lù, a fi dọ́sítà nu gbogbo oko náà kúrò lójú pátákó, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà ṣẹlẹ̀. Ó ní kí kíláàsì kan ya àwòrán àlùbọ́sà bó ṣe máa ń wà lóko. Wọ́n ya igi. Igi ńlá tó lẹ́ka ni, àlùbọ́sà so jìngbìnnì lórí rẹ̀ bí ọsàn, ẹnì kan tilẹ̀ ya ọmọkùnrin tó ń sọ ọ́ lókùúta. Àǹtí Jẹ́jẹ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ó wo ojú wọn, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí pé kò jẹ́ kí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kọjá kó má gbà á rò. Òun ló dìde láti gbèjà igi náà.

"Àǹtí, ṣé ẹ rí ìrù gbígbẹ tó máa ń wà lórí àlùbọ́sà? Ibi tó ti so kọ́ nìyẹn. Tí kò bá so kọ́ nǹkan kan, kí ló ń fi ìrù ṣe?"

Gbogbo kíláàsì ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, àwọn ọmọ yìí kan náà ti kọ irú gbòǹgbò tí àlùbọ́sà ní sínú ìdánwò, Àǹtí Jẹ́jẹ́ sì ti fún wọn ní máàkì tó dáa lé e lórí.

Nígbà tó délé, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní òun ò ní í pẹ́ lọ sinmi lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ọmọ kan ṣoṣo tó tipasẹ̀ òun rí i kí nǹkan hù látinú ilẹ̀. Gbogbo ohun tí òun gbìn láti ọjọ́ yìí wá, dọ́sítà ló kó o. Ó ní kí òun tó fi ilé-ìwé náà sílẹ̀, àwọn ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn gbin nǹkan, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn ká a. Télọ̀ yọ píìnì tó fẹnu há.

"Tíṣà, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ṣé o ti gbin nǹkan rí?"

Ó ní jẹ́jẹ́ ni kó máa bi òun.

Ilẹ̀ gbọọrọ kan wà láàárín fèrèsé kíláàsì rẹ̀ àti ògiri ẹ̀yìn ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ń wò ó pẹ́, ó fẹ́ẹ́ da sìmẹ́ǹtì sí i kí wọ́n lè máa gbé mọ́tò síbẹ̀. Mọ́tò méjì ló wà ní gbogbo ilé-ìwé náà. Ọ̀kan jẹ́ ti Ọ̀gá. Èkejì jẹ́ ti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò rí i wà lọ sílé. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ìmọ́tótó ló kúndùn, bó bá rí bébà nílẹ̀, ojú rẹ̀ a yí padà bí ẹni tí wọ́n bú ní gbangba. Ó gbọ́ ẹjọ́ Àǹtí Jẹ́jẹ́ tán, ó rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó wá fọwọ́ lu tábìlì.

"Ìyá, ẹ gba ilẹ̀ náà. Àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní ìparí tọ́ọ̀mù. Tí wọ́n bá dé tí wọ́n bá ọgbà níbẹ̀, ọgbà ló máa jẹ́, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Tí wọn ò bá bá ọgbà, lọ́jọ́ kejì ni sìmẹ́ǹtì máa balẹ̀."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dúpẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn rìn jáde.

Ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀ gidi, wọ́n ní láti kọ́kọ́ hú gbogbo ohun tí ilé-ìwé ti sin síbẹ̀: bírò, àtẹ́lẹ̀ bàtà, ṣíbí, pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá kan tí tíṣà kankan ò jẹ́wọ́ pé òun ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíṣà kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ tó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ẹran. Wọ́n la ebè. Ebè náà wọ́. Lọ́yà ní kò wọ́, ó ní ògiri ló wọ́, kí wọ́n lọ wò ó. Wọ́n gba ìgbẹ́ adìẹ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń sin adìẹ, wọ́n dà á sí i, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn fi ń fura síra wọn. Wọ́n lu agolo nídìí, ó di ohun ìbomirin. Ìwé wà lọ́wọ́ òsì Àǹtí Jẹ́jẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá sì kúrò lára ìwé díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún a dúró. Wọ́n fọ́n ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Wọ́n gbin ilá. Wọ́n ri àlùbọ́sà tó ti hùwé nínú ilé ìdáná Àǹtí Jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ gbin tòmátò sínú páànù kí wọ́n tó ṣí i lọ sórí ebè.

Tẹ̀tẹ̀ ló kọ́kọ́ yọjú. Láti ọjọ́ náà, bí agogo ìsinmi bá lù, àwọn ọmọ kì í lọ síbi bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n á lóṣòó ti ebè, wọ́n á máa wo ewé bí ẹni ń wo fíìmù, ẹni tó bá dúró sí iwájú wọn, wọ́n á ní kó kúrò lójú iná. Lọ́yà ní tirẹ̀ ń ṣọ́ àlùbọ́sà, ó ń retí kí igi jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní kó tọwọ́ bọ ilẹ̀ kó wò ó. Ó fa àlùbọ́sà kan jáde, gbòǹgbò yí i ká bí irùngbọ̀n. Lọ́yà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án níwájú orí bóyá ara rẹ̀ ń gbóná. Àǹtí Jẹ́jẹ́ kọjú sí ògiri, ó ń nu gíláàsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gíláàsì náà mọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí síbẹ̀ ni, ìtàn kúkúrú ni ì bá jẹ́, tèmi tìrẹ ì bá sì ti lọ sílé. Àmọ́ Ọ̀gá fẹ́ràn ọgbà náà. Ó mú àlejò wá wò ó, ó mú ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, ó wá dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí gbogbo ilé-ìwé tò sórí ìlà, ó ní ọgbà náà kì í ṣe ti Àǹtí Jẹ́jẹ́ nìkan, ti gbogbo wa ni, ẹnikẹ́ni tó bá lè ràn án lọ́wọ́, kó ràn án lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìrànlọ́wọ́ ti ń ya wọlé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan. Nílé-ìwé yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi, ìyà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó lọ roko. Ẹni tó bá pariwo, kó lọ roko. Ẹni tí kò mú bírò wá, oko. Ẹni tó bá fi ẹni tó ń roko rẹ́rìn-ín, òun náà á gba ọkọ́. Tíṣà ìṣirò ló wà nídìí ètò náà, àwọn ọmọ ń pè é ní Aago, nítorí kò sí ìṣẹ́jú tó lè gba ẹnu géètì kọjá kó má mọ̀. Ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń roko látọdún mọ́dún, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi pá bí orí Ọ̀gá. Ó ti sú koríko láti hù síbẹ̀. Ó ti di pé àwọn ọmọ kàn ń fi ọkọ́ họ ilẹ̀ lásán, ó sì ń dun Aago lọ́kàn, nítorí olódodo èèyàn ni, kò fẹ́ ìyà tí kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá, tó wo ọgbà Àǹtí Jẹ́jẹ́, tó rí i pé koríko wà níbẹ̀ bí ó ti yẹ kí koríko wà, inú rẹ̀ dùn.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń ti kíláàsì bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló bá àwọn aláriwo lórí ebè, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ. Ìdajì ebè tẹ̀tẹ̀ ti lọ. Wọ́n ti tò ó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gún régé. Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ó dájú pé àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò pẹ́ dé ilé-ìwé rí.

Ó lọ bá Aago. Aago dìde fún un, ó jẹ́ ẹni tó máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọ́ ni wọ́n fà tu yẹn."

"Wọ́n fa koríko tu mọ́ ọn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ wò ó, ẹyọ kan ò kù."

"Ẹ̀fọ́ la fẹ́ kó kù."

Aago ronú sí i. "Ìyẹn á gba kí wọ́n mọ̀ ọ́n yàtọ̀ síra wọn. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá mọ nǹkan, ṣé wọ́n á dẹ́ṣẹ̀ ni?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó tún pa á dé. Ó lọ bá Ọ̀gá, Ọ̀gá ní ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ráhùn. Ó padà sọ́gbà, ó kọ orúkọ ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan sára igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó rì í síwájú ebè. Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ọjọ́ kejì ṣa gbogbo igi náà jọ pẹ̀lú koríko, wọ́n kó o dànù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wá ní kò burú, òun fúnra òun á dúró tì wọ́n, òun á kọ́ wọn. Èwo ni ewé tẹ̀tẹ̀, èwo ni koríko tó jọ ọ́, báwo ni òórùn ewé tòmátò ṣe rí lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ọ, ó yé wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti yé kì í padà wá mọ́. Ìyà náà ṣiṣẹ́ fún wọn, ìwà wọn dára, wọ́n ń tètè dé, àwọn mìíràn tí kò mọ ewé kankan lágbàáyé a wá gba ipò wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Télọ̀ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àwọn ọ̀daràn yín ò fọkàn sí iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n ti ronú pìwà dà."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Páànù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń gbin tòmátò mìíràn sínú rẹ̀ láti fi dí ibi tó ti ṣófo.

Lọ́yà ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti jáde, ó so ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ẹ́ bá adájọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹni tó bá ṣẹ̀ nìkan ló ń lọ roko lọ́gbà wa, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọkọ́ tó wà nílẹ̀ ò sì pọ̀."

"Kò pọ̀."

"Ká kúkú máa ṣẹ̀ ńkọ́?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní jẹ́jẹ́. Nínú òfin tí Lọ́yà ń tẹ̀ lé, jẹ́jẹ́ kì í ṣe rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ tó gbọ́n jù nínú kíláàsì náà jókòó sẹ́yìn ògiri ilé-ìwé, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń retí kí agogo lù. Bó ṣe lù, wọ́n dìde, wọ́n gbọn ẹ̀rún búrẹ́dì nù, wọ́n tò wọlé lọ bá Aago pẹ̀lú ojú ẹni tó ti ronú pìwà dà. Gbogbo ọkọ́ tó wà nílẹ̀, àwọn ni wọ́n gbà á. Àwọn tó pẹ́ nítorí pé oorun gbé wọn lọ dé, ọkọ́ ti tán, wọ́n ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ọgbà náà wá ń jẹ, ó sì ń sanra. Tẹ̀tẹ̀ padà bo ilẹ̀, ilá yọ òdòdó, tòmátò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní ìdí.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ mọ̀. Bí kò bá mọ̀, ta ló ń kọ́ ìdajì kíláàsì láàárọ̀? Ojoojúmọ́ ló ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ẹ́ fi dá wọn lẹ́kun láti ilé wá. Á rántí gbogbo rẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á wo òde, á rí tòmátò, ọ̀rọ̀ náà á padà sínú.

Àmọ́ tíṣà ìṣirò ni Aago. Ẹ lè fi ohun púpọ̀ pamọ́ fún un, kì í ṣe iye èèyàn. Ó rí i pé ojú kan náà lòun ń rí, ó sì kó orúkọ wọn lọ fún Ọ̀gá, ó ní àwọn wọ̀nyí ti yigbì, ìyà ò ràn wọ́n mọ́, wọ́n tilẹ̀ ń kọrin nídìí ẹ̀. Àbẹ̀wò sì ti dé tán. Ọ̀gá rò ó pé bí àwọn alábẹ̀wò bá pàdé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì, ojú máa ti òun. Ó ní kí wọ́n lọ jókòó sílé títí àbẹ̀wò á fi kọjá.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó dúró, ó tún kàn án.

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ burúkú. Nítorí ọgbà ni wọ́n ṣe ń pẹ́."

Ọ̀gá yọ gíláàsì rẹ̀. "Ìyá, ṣé ohun tí ẹ̀ ń sọ ni pé ẹ mọ̀ sí i?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì wí." Ó dá gíláàsì padà sójú. "Nítorí ìgbà díẹ̀ tó kù fún yín, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ yẹn. Àwọn ọmọ náà á wà nílé. Ẹ rọra pa ilẹ̀kùn dé."

Ó dé ẹnu ọ̀nà kí Ọ̀gá tó tún pè é padà. Ọ̀gá ní Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lójú àwọn alábẹ̀wò, kó múra ẹ̀kọ́ lórí tòmátò. Àǹtí Jẹ́jẹ́ béèrè bóyá kí òun kó àwọn ọmọ jáde sọ́gbà, kí ẹ̀kọ́ náà lè wáyé nídìí tòmátò gan-an. Ọ̀gá ní oòrùn ńkọ́, bàtà àwọn alábẹ̀wò ńkọ́. Kíláàsì ló dára, pẹ̀lú pátákó. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, wọ́n á wá wo ọgbà.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, Ọ̀gá ní kí wọ́n ti géètì ṣáájú àsìkò tí wọ́n máa ń tì í, kí ó má di pé ẹnì kan á pẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, ìdajì ilé-ìwé ló ti pẹ́. Wọ́n kún ìta géètì bámúbámú, mọ́tò àwọn alábẹ̀wò sì ti ń yọ lókèèrè. Aago ò lè jẹ́ kí àwọn àlejò bá èrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí géètì, ó kó gbogbo wọn lọ sọ́gbà, ó ní ẹni tó bá rí ọkọ́ kó mú ọkọ́, ẹni tí kò bá rí, ọwọ́ ń bẹ.

Ẹ má bínú sí i. Ó rántí ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò fún un. Ó kìlọ̀ gidigidi fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀fọ́. Ọmọ kan bi í pé èwo ni ẹ̀fọ́. Aago wo ilẹ̀. Inú ọbẹ̀ nìkan ni òun àti ẹ̀fọ́ ti máa ń pàdé, níbẹ̀ kò sì ní gbòǹgbò. Ó yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá yan èyí tó ga jù, tó tutù yọ̀yọ̀, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́.

"Irú èyí," ló wí. "Ẹ fi irú èyí sílẹ̀."

Koríko ni.

Nínú kíláàsì, àwọn alábẹ̀wò jókòó sí ẹ̀yìn, bírò wà lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn jókòó sí àárín. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ya tòmátò sójú pátákó, ó ya gbòǹgbò rẹ̀, ó ya ewé rẹ̀, ló bá gbọ́ ìró ọkọ́. Ó wo fèrèsé. Ó padà wo pátákó. Ó béèrè pé kí ni tòmátò nílò kó tó lè dàgbà, ẹnì kan dáhùn pé omi, ẹnì kan dáhùn pé oòrùn. Láti ibi tó dúró sí, ó rí ẹni tó di ìdí tòmátò pupa kan mú, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kó lè rí i fà dáadáa. Ọmọ kan nawọ́ sókè.

"Àǹtí, wọ́n ń fa—"

"Jẹ́jẹ́," ló wí.

"Àǹtí, tiwa ni wọ́n ń—"

"Jẹ́jẹ́. Jókòó." Ó kọ "ìtọ́jú" sójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Obìnrin alábẹ̀wò mi orí, ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó hàn pé ó fẹ́ràn tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ ń dákẹ́.

Kí wọ́n tó jáde, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ gbá a, ilà ìgbálẹ̀ tò lórí ilẹ̀ bí irun tí wọ́n ya. Láti ògiri dé abẹ́ fèrèsé, kò sí nǹkan kan àfi koríko kan ṣoṣo tó dúró sí àárín, tí wọ́n ti bomi rin, tí wọ́n ti fi igi gbé ró. Àwọn ọmọ kíláàsì tẹ̀ lé Àǹtí Jẹ́jẹ́ jáde, wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó wo Aago. Aago kí i bí ọmọ ogun.

Obìnrin alábẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ewé náà. "Kí la ń pe èyí?"

Ọ̀gá wo Àǹtí Jẹ́jẹ́. Bí Àǹtí Jẹ́jẹ́ bá dárúkọ ẹ̀fọ́ kan, ẹ̀fọ́kẹ́fọ̀ọ́, àwọn alábẹ̀wò ti bá ọgbà níbẹ̀, kéékèèké ni, àmọ́ ọgbà ni, ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Obìnrin náà ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ò ní tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n, ewé nínú àtẹ́lẹwọ́, lẹ́nu ìjẹta yìí. Ó wẹ̀yìn wò wọ́n, ó kọjú sí obìnrin náà.

"Koríko ni, mà."

Aago gbọ́ pé koríko ṣẹ́ kù lójú àwọn àlejò, ojú tì í. Ó sáré bẹ̀rẹ̀, ó fà á tu.

Obìnrin náà ní òun ò tíì rí ilé-ìwé tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tó báyìí rí. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Ọ̀gá ní mọ́tò ni wọ́n fẹ́ẹ́ máa gbé síbẹ̀. Ó ní ọgbọ́n nìyẹn. Ó wá béèrè ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ ní irú iṣẹ́ báyìí, Ọ̀gá sì nawọ́ sí Àǹtí Jẹ́jẹ́, kì í ṣe láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó fẹ́ kó rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àǹtí Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, sìmẹ́ǹtì balẹ̀.

Nígbà tí Lọ́yà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà dé, mọ́tò Ọ̀gá ti wà lórí rẹ̀. Lọ́yà rìn yí i ká, ó fi bàtà kan ìdí ògiri níbi tí àlùbọ́sà wà tẹ́lẹ̀, ó wá bá Àǹtí Jẹ́jẹ́ nínú kíláàsì.

"Wọ́n ní ẹ sọ fún wọn pé koríko ni."

"Koríko ni."

"Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́."

Lọ́yà wá ẹjọ́ tó fẹ́ẹ́ rò, kò rí i. Ó lọ jókòó.

Ohun tó wá kù nílẹ̀ báyìí ni pé àwọn ọmọ náà ṣì jẹ Aago ní gbèsè ìyà. Lílé tí wọ́n lé wọn lọ sílé kì í ṣe ìyà, ìsinmi ni, gẹ́gẹ́ bí Aago ti ṣàlàyé, pípẹ́ tí wọ́n pẹ́ kẹ́yìn ṣì wà lọ́rùn wọn, olódodo èèyàn kì í sì í dárí ji ni lásán. Kí wọ́n roko ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ ti pá, ọgbà ti di sìmẹ́ǹtì, kò sí koríko kan ṣoṣo mọ́ ní gbogbo ilé-ìwé náà. Àwọn ọmọ ti gba ọkọ́, wọ́n ti dúró sórí ìlà. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Àǹtí Jẹ́jẹ́, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló mọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, kó jọ̀ọ́ bá wọn gbin koríko díẹ̀ síbì kan, kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan ro. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní òun á wò ó. Ó ti yẹ gbogbo ìwé rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rí i níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko, ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo la ń gbin koríko?